Ẹ̀wà Tí Yúróòpù Dá Padà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Nígbà tí ọdún náà pé, wọ́n sún un di 2019; nígbà tí 2019 dé, wọ́n tún sún un síwájú. Ẹ̀sùn wọn kò lọ́jú pọ̀ rárá: oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ dichlorvos wà nínú ẹ̀wà náà, láti mílígíráàmù 0.03 títí dé 4.6 nínú kílò kan, bẹ́ẹ̀ 0.01 ni òfin tiwọn gbà.

Bí ìròyìn náà ṣe délé, ariwo ta. Àwọn kan ní ète òyìnbó ni, wọn ò fẹ́ kí dọ́là wọlé fún wa. Àwọn kan ní àwa fúnra wa la ba ọjà ara wa jẹ́. Àríyànjiyàn náà dùn ún gbọ́, àmọ́ kò dáhùn ohun tí oníṣòwò fẹ́ mọ̀. Ta ló fún Yúróòpù láṣẹ láti dá ẹrù ẹlòmíràn padà? Kí ni òfin ní kó kọ́kọ́ ṣe kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà ńkọ́, ibo ló lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ? Ìdáhùn wà nínú ìwé àdéhùn kan tí kò ju abala mẹ́rìnlá lọ, tí Nàìjíríà, Benin àti Tógò náà wà lábẹ́ rẹ̀.

SPS ni àwọn tó ń lò ó máa ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1995, ọjọ́ kan náà tí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ìlú Geneva. Ìlera ohun mẹ́ta ló dá lé: ti ènìyàn, ti ẹran, àti ti ohun ọ̀gbìn. Oògùn nínú ẹ̀wà, èbu nínú ẹ̀pà, àrùn lára ẹlẹ́dẹ̀, kòkòrò nínú ọsàn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí kò bá ti kan àrùn, májèlé tàbí kòkòrò, bí ìwọ̀n agolo tàbí ohun tí wọ́n kọ sára páálí, àdéhùn mìíràn ló ni ín.

Ohun tó bí i nìyí. Láti 1986 di 1994, àwọn orílẹ̀-èdè ń jókòó, wọ́n ń dúnàá-dúrà bí wọ́n ṣe máa dín owó bodè kù, pàápàá lórí ohun oko. Ẹ̀rù kan wá ń bà wọ́n: ìjọba tí a bá gba owó bodè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ṣàì wá ọ̀nà mìíràn láti lé ọjà àlejò sẹ́yìn. Ó lè ní ẹran yín ní àrùn, ó lè ní ọsàn yín ní kòkòrò, kó sì jẹ́ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí ọjà má bàa bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀, àrùn wà lóòótọ́, kòkòrò sì wà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé SPS lọ́wọ́ ni pé kó ya ẹni tó ń ṣọ́ra kúrò lára ẹni tó ń fi ìṣọ́ra bojú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú àdéhùn yìí ni nọ́ńbà 0.01 yẹn ti wá. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀. Kò sọ iye oògùn tó lè wà nínú ẹ̀wà tàbí bí èbu ṣe lè pọ̀ tó nínú ẹ̀pà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bí ààbò tí òun fẹ́ ṣe máa le tó, bó bá sì wù ú kí ó le ju ti gbogbo ayé lọ, ó lẹ́tọ̀ọ́. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè fi ìdí rẹ̀ hàn. Ìwádìí sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tó sọ irú ewu tó wà níbẹ̀, bó ṣe ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tó, àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Òfin tó bá ṣe kò gbọdọ̀ ju ohun tí ewu náà béèrè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ojú kan wo ọjà tirẹ̀, kó fi ojú mìíràn wo ti àlejò. Ohun tó bá kọ̀ lọ́wọ́ ará Gánà, kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ará Ṣáínà bí ewu méjèèjì bá jẹ́ ọgbọọgba. Bí ìwádìí kò bá tíì pé, tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ kánjúkánjú, ó lè kọ́kọ́ tilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa wá ẹ̀rí lọ ní gbogbo àkókò náà.

Ìjọba tí kò bá fẹ́ wàhálà ìwádìí ní ọ̀nà àbùjá kan. SPS dárúkọ àjọ mẹ́ta tó ń fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún gbogbo ayé. Codex Alimentarius, tí FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti Àjọ Ìlera Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 1963, ni ti oúnjẹ ènìyàn. Róòmù ni ibùjókòó rẹ̀. Àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1924, tó ń jẹ́ OIE tẹ́lẹ̀ tó wá ń jẹ́ WOAH, ni ti àrùn ẹran. Àdéhùn IPPC ti 1951 ni ti kòkòrò àti àrùn ohun ọ̀gbìn. Ẹni tó bá mú òṣùwọ̀n àwọn mẹ́ta yìí lò bó ṣe wà, a gbà pé ó ti tẹ̀lé òfin. Ẹni tó bá ní tòun yóò le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò wá ṣàlàyé.

Bí ìyẹn ṣe ń rí nígbà tí ìjà bá dé, ẹjọ́ màlúù ló fi hàn jù. Àwọn olùsìn màlúù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń fún ẹran wọn ní hómóònù kó lè tètè sanra. Láti 1989 ni Yúróòpù kò ti gba irú ẹran bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti WTO sì dájọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1998 pé Yúróòpù lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ ààbò tó le, àmọ́ pé ìwádìí tó gbé kalẹ̀ kò gbe òfin náà lẹ́sẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e o: Yúróòpù kò mú òfin náà kúrò. WTO ò ní ọlọ́pàá tó lè lọ fi ipá ṣí ẹnu bodè ẹnikẹ́ni. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ni kó gba ẹni tó jàre láyè láti gbẹ̀san nínú ọjà. Ní 1999, Amẹ́ríkà gbé owó bodè ìdá ọgọ́rùn-ún lé àwọn ọjà Yúróòpù kan tí iye wọn tó mílíọ̀nù 116.8 dọ́là lọ́dún. Wàràkàṣì Roquefort ti ilẹ̀ Faransé wà lára wọn. Inú bí àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ José Bové débi pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tú ilé oúnjẹ McDonald's tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní ìlú Millau. Ọdún 2009 ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó jọ fẹnu kò: ẹran tí kò ní hómóònù yóò máa rí àyè wọlé sí i, Amẹ́ríkà náà yóò sì dẹwọ́. Òfin hómóònù kò kúrò níbi tó wà.

Ẹ wá fi Tógò sípò Amẹ́ríkà nínú ìtàn yẹn. Ẹrù wo ni Tógò fẹ́ gbé owó lé tí Paris yóò fi mọ̀ ọ́n lára? Ẹni tó ní ọjà ńlá lọ́wọ́ nìkan ni ẹ̀san lè wúlò fún. Ibi tí àdéhùn yìí ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ fọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ẹjọ́ kejì kò lariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ràn jù. Láti 1975 ni Ọsirélíà kò ti gba ẹja salmon tútù láti Kánádà, wọ́n ní ó lè kó àrùn ran ẹja tiwọn. Nígbà tí àwọn adájọ́ wo ìwé dáadáa, wọ́n rí i pé Ọsirélíà ń gba ẹja mìíràn wọlé tí àwọn apẹja ń fi ṣe ìjẹ, ó tún ń gba ẹja ọ̀ṣọ́ láàyè tí wọ́n ń sìn sínú gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ewu àrùn tó wà lára àwọn wọ̀nyí kò kéré sí ti salmon. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú pa tó ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu kò lè sọ pé olè lòun ń bẹ̀rù. Ọsirélíà jẹ̀bi ní 1998.

Kì í ṣe pé ẹni tó tilẹ̀kùn ló máa ń jẹ̀bi ní gbogbo ìgbà. Japan pe Gúúsù Kòríà lẹ́jọ́ lórí ẹja rẹ̀ tí Kòríà kọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì ní Fukushima. Kòríà kọ́kọ́ jẹ̀bi, àmọ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní 2019. Ó wà lára ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ náà ṣe kẹ́yìn. Láti oṣù kejìlá ọdún yẹn ni kò ti lè jókòó mọ́, nítorí Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n yan adájọ́ tuntun. Ìgbìmọ̀ SPS fúnra rẹ̀ ṣì ń pàdé ní Geneva, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń yanjú láìdé iwájú adájọ́: orílẹ̀-èdè kan á dìde, á ní òfin yín ń pa ọjà wa lára, ẹ ṣàlàyé ara yín.

Ó wá ku ẹ̀wà.

Òkè ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà wa ti ń wá. Àtinú oko ni kòkòrò ẹ̀wà ti ń yé ẹyin sára rẹ̀ kí wọ́n tó kórè rárá, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè pa á mọ́ tónítóní tó tí kòkòrò kò ní bá a délé. Láàárín bí oṣù kan, ọmọ á ti di ìyá, ìyá tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé tirẹ̀. Bí àpò bá dé ọjà Dawanau ní Kánò, tó dúró níbẹ̀, tó wọ tírélà, tó dé Bódìjà ní Ìbàdàn, tó tún dúró, ihò róbótó-róbótó á ti wà lára wóró ẹ̀wà, ìyẹ̀fun á sì máa dà sí ìsàlẹ̀ àpò. Kò sí oníbàárà tó fẹ́ san owó kóńgò kan fún irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn kan nínú àwọn alágbàtà wá ń ṣe ni pé wọ́n á bu oògùn, wọ́n á wọ́n ọn sí i, wọ́n á di àpò. Kò wọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ó sì wà káàkiri. Iṣan ara kòkòrò ló ń bá jà, á gbọ̀n títí tí kò fi ní lè mí mọ́. Irú iṣan kan náà ló wà lára ènìyàn; ìwọ̀n oògùn ló yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dijú fún ẹni tó fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun nìyí. Kí ẹ̀wà tó kúrò ní èbúté Àpápá ní Èkó, àwọn òṣìṣẹ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ohun oko, á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Kí ni ìwé náà ń sọ? Pé kò sí kòkòrò tàbí àrùn ọ̀gbìn tí orílẹ̀-èdè tó ń gbà á kórìíra nínú ẹrù yìí. Kò sọ ohunkóhun nípa àṣẹ́kù oògùn. Òfin tó ń dáàbò bo oko ló bí irú ìwé yẹn. Òfin tó ń dáàbò bo ikùn ará Yúróòpù ṣì wà lọ́tọ̀ níwájú. Oníṣòwò tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì á da oògùn bo ẹ̀wà kí ó lè yege níwájú òfin kìíní, ohun tó fi yege yẹn gan-an ni òfin kejì yóò sì fi mú un. Mo gbà pé àìmọ̀ yìí pa ọjà wa lára ju ìwà ọ̀kánjúà lọ.

Tí kọ̀ntẹ́nà náà bá gúnlẹ̀, òṣìṣẹ́ bodè á bu díẹ̀ díẹ̀ láti inú oríṣiríṣi àpò, wọ́n á pò ó pọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Láti 2007 ni Yúróòpù kò ti gba dichlorvos láyè fún iṣẹ́ oko mọ́. Oògùn tí kò bá ti ní àyè lọ́dọ̀ wọn, 0.01 ni wọ́n sábà máa ń fi dá a lẹ́kun, ìwọ̀n tó kéré dé ibi tí ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò lè rí i dájú. Nínú àpò ẹ̀wà oní-100 kílò, mílígíráàmù kan péré nìyẹn. Èyí tí wọ́n rí 4.6 nínú rẹ̀ ní mílígíráàmù 460 nínú irú àpò bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá ti mú ẹrù kan, wọ́n á fi ìkìlọ̀ sí orí RASFF, ètò ìkìlọ̀ oúnjẹ tí gbogbo orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, gbogbo èbúté wọn á sì mọ̀. Ẹni tó ni ẹrù ló máa ru ìnáwó rẹ̀, yálà wọ́n dá a padà ni àbí wọ́n sun ún. Ọdún bíi méjì ni ìkìlọ̀ fi ń gorí ìkìlọ̀ lórí ẹ̀wà wa kí wọ́n tó tilẹ̀kùn pátápátá. Nígbà náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà pẹ̀lú wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń fi ẹ̀wà olóyin se mọ́ínmọ́ín ń gbé.

Ṣé Nàìjíríà lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Geneva? Ó lè gbé e lọ. Ó tiẹ̀ lè sọ pé 0.01 kò ti inú ìwádìí kan pàtó lórí ẹ̀wà wá, pé òǹkà àpapọ̀ kan ni wọ́n ṣáà fi lé gbogbo oògùn tí wọn ò fẹ́. Àmọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé kí ni òfin tirẹ̀ sọ. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ léraléra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da oògùn yìí sórí ẹ̀wà, ó sì fòfin de ìgò kékeré 100ml rẹ̀ ní 2019. Orílẹ̀-èdè tó ti sọ nílé pé májèlé ni kò lè lọ sọ níta pé oúnjẹ ni. Ohun tí Yúróòpù béèrè lọ́wọ́ wa kí ilẹ̀kùn tó ṣí ni ìdánilójú pé ìjọba ti ní ètò tó ń mójú tó ẹ̀wà láti oko títí dé èbúté. Ètò yẹn gan-an ni wọn kò rí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tírélà tó gbé ẹ̀wà Àpápá náà ló gbé ti Bódìjà. Ará Lọ́ńdọ̀nù ní ẹni tó ń bá a wo abọ́ rẹ̀ kó tó jẹun. Ará Mókọlá, ní Ìbàdàn, kò ní.

Mi ò sọ pé gbogbo òṣùwọ̀n Yúróòpù ló bọ́gbọ́n mu. Ti ẹ̀pà ni kí a fi dán an wò. Èbu kan wà tó ń hù lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò bá gbẹ dáadáa, májèlé tó ń tú jáde ni wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Codex gba máíkírógíráàmù 15 nínú kílò ẹ̀pà tí wọ́n ṣì máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Yúróòpù ní 4 péré ni fún ẹ̀pà tí ènìyàn máa jẹ bẹ́ẹ̀. Ní 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Báńkì Àgbáyé, Tsunehiro Otsuki, John Wilson àti Mirvat Sewadeh, ṣírò ohun tí òfin aflatoxin Yúróòpù yóò fà fún orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà. Wọ́n ní líle tí Yúróòpù le ju Codex lọ yóò gba ẹ̀mí bí ènìyàn kan ààbọ̀ là lọ́dún nínú bílíọ̀nù kan, yóò sì mú kí Áfíríkà pàdánù ọjà tó tó mílíọ̀nù 670 dọ́là. Àwọn mìíràn ti bá ìṣirò owó náà jiyàn lẹ́yìn ìgbà yẹn. Síbẹ̀, ìbéèrè tó bí kò tíì kú: ẹ̀mí ta ni, owó ta ni?

Bí a ṣe ń béèrè ìyẹn, ẹ má gbàgbé Kẹ́ńyà. Ní 2004, àgbàdo tó ní aflatoxin pa ènìyàn 125 ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Kì í ṣe àgbàdo tí wọ́n fẹ́ tà fún òyìnbó. Èyí tí wọ́n gbìn tí wọ́n sì jẹ nílé ni. Nígbà tí a bá ṣa ẹ̀pà tó dára fún àlejò, àwa là ń jẹ èyí tó kù. Àwọn ará IITA, ibùdó ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe: irú èbu kan náà ni, àmọ́ èyí tí kì í tú májèlé jáde. Wọ́n á fọ́n ọn sí oko kí ọ̀gbìn tó tanná, á gba àyè mọ́ olóró lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tó bá lò ó ń tọ́jú ọjà òkè òkun, ó sì ń tọ́jú ọmọ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Apá ohun ọ̀gbìn ni àwọn ènìyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, pàápàá nígbà tí aṣọ́bodè bá gba ẹ̀fọ́ tútù lọ́wọ́ ìyá arúgbó tó wá kí ọmọ. Ẹ bi àwọn tó dàgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 ohun tí kòkòrò kan ṣe fún ẹ̀gẹ́. Kòkòrò funfun tó dà bí òwú náà, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní bí ọdún 1973, wọ́n rí i ní Kóńgò, láàárín ọdún díẹ̀ ó ti gba ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ Áfíríkà káàkiri, orí ẹ̀gẹ́ ń ká kò, ewé ń wọ́, gàrí sì di góòlù. Kò sí oògùn tó ká a. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tó ti wá. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n tíntín kan tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ní 1981, wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, kòkòrò náà sì wálẹ̀. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995 nítorí rẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tí kòkòrò wà lára rẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí Yúróòpù, láti ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2019, fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí lórí gbogbo èso, ẹ̀fọ́ àti ewé tútù tí arìnrìn-àjò bá gbé wọlé, àfi márùn-ún: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, èso déètì àti durian. Ti ẹran àti wàrà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yan tàbí tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ lè gbé kòkòrò àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àrùn náà kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orílẹ̀-èdè Georgia ní 2007, ohun tí àwọn onímọ̀ fura sí ni àjẹkù oúnjẹ inú ọkọ̀ òkun tí ẹlẹ́dẹ̀ jẹ. Láti ibẹ̀ ló ti rìn dé Rọ́ṣíà, Pólàńdì, àti Ṣáínà.

Ẹ tún lè rí ọwọ́ àwọn òfin yìí níbi tí ẹ kò retí rẹ̀. Ẹ wo àkéte onígi tí wọ́n ń to ẹrù lé lórí ní èbúté. Bó bá jẹ́ ojúlówó, wọ́n ti tẹ àmì ṣírì àlìkámà kan sí i, pẹ̀lú lẹ́tà méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè tó ti wá, NG bó bá jẹ́ Nàìjíríà, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti lẹ́tà tó ń sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú igi náà, bíi HT. HT yẹn ń sọ pé wọ́n ti gbé igi náà sínú ooru títí tí àárín gbùngbùn rẹ̀ fi gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30, kí kòkòrò inú igi má bàa bá ọjà rìnrìn-àjò. Ẹrù lè dára, ìwé lè pé, kí wọ́n sì dá a dúró nítorí igi abẹ́ rẹ̀.

Àwa náà ń tilẹ̀kùn o. Adìẹ àti tọ́kí oníyìnyín wà nínú ìwé àwọn ohun tí Nàìjíríà kò gbà kó wọlé. Bí a bá bi ìjọba, èsì méjì ló máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà: pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ léwu, àti pé a fẹ́ kí àwọn olùsìn adìẹ wa rọ́wọ́ mú. Níwájú SPS, èsì kejì ń ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ẹni tó bá ní ewu ni, kó gbé ìwádìí kalẹ̀, kó sì fi adìẹ ilé sábẹ́ àyẹ̀wò kan náà. Lákòókò yìí, tọ́kí ń gba ọ̀nà Kùtọnu wọlé lábẹ́lẹ̀, ẹnì kan kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ ká tún un ṣe kíákíá, nítorí AfCFTA, àdéhùn ọjà Áfíríkà tí ìṣòwò lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ní ìlànà SPS tirẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ lè fi bi wá ní ìbéèrè tí a fi ń bi Yúróòpù.

Ohun kan wà nínú àdéhùn náà tí a kì í lò tó. Kí orílẹ̀-èdè kan tó sọ òṣùwọ̀n tuntun tó yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé di òfin, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó WTO létí, ó sì sábà máa ń fi bí 60 ọjọ́ sílẹ̀ kí àwọn tó ń ta ọjà fún un lè sọ tẹnu wọn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iléeṣẹ́ kan tó ń dáhùn ìbéèrè lórí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tó bá dúró dìgbà tí kọ̀ntẹ́nà ti wà lórí omi kó tó béèrè ti pẹ́ jù.

Ní ti ẹ̀wà, a kò nílò oògùn kankan láti tọ́jú rẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, tí àwọn ará Yunifásítì Purdue dá sílẹ̀, ní ọ̀rá méjì nínú àti àpò lásán kan níta. Ẹ rí i pé ẹ̀wà gbẹ dáadáa, ẹ kó o sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dì í pinpin, ẹ di ìkejì, ẹ di ìta. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú síbẹ̀. Ẹ má ṣí i lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí eku jẹ ẹ́ lu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi ẹ̀wà ránṣẹ́ síta, ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò fún àṣẹ́kù oògùn kí ẹ tó lọ gba ìwé NAQS. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á nílé, ẹ má fojú di ẹ̀wà tó ní ihò kan tàbí méjì. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bó ṣe tọ́jú èyí tí kò ní rárá.